Sísẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò lára ohùn ìyáàlù: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Abẹ́òkúta

Ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń lu dùndún ni mò ń kọ. Ẹni tó bá ń lò ó yóò tẹ gbólóhùn Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, ètò náà yóò wo àmì tó wà lórí sílébù kọ̀ọ̀kan, yóò sì mú ègé ohùn ìlù tó bá a mu jáde: dò, re, tàbí mí. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo fi kọ ọ́. Apá tó ń ka àmì ohùn ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ibi tí agbára mi ń lọ báyìí ni àwọn ègé ohùn náà fúnra wọn, torí ariwo jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ gbogbo wọn pátá.

Ilé bàbá onílù kan ládùúgbò Aké ni mo ti gba ohùn náà. Bàbá gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, mo gbé fóònù sórí àpótí níwájú wọn, wọ́n sì ń lù ú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe bẹ̀ wọ́n: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè, àti èyí tó ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ gòkè nígbà tí wọ́n bá fún ọṣán mọ́ra. NEPA ti mú iná lọ lọ́jọ́ náà, aládùúgbò sì ti tan jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ lẹ́yìn fẹ́ńsì. Kò sí bí a ṣe lè ní kó pa á. Ẹja inú fírísà ló ń tà, òòrùn sì mú gan-an.

Ẹ lè ní kí ló dé tí n kò padà lọ gbà á lọ́jọ́ mìíràn. Awọ ìlù náà ti bẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, Bàbá sì ti fi òmíràn bò ó. Awọ tuntun ṣì le, ohùn rẹ̀ ga, kò tíì mọ ọwọ́ Bàbá. Ohùn awọ àtijọ́ yẹn, inú àwọn fáìlì yìí nìkan ló kù sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú iṣẹ́ yìí ní òkúnkúndùn, tí n kò sì gbà kí asẹ́ kankan, ìyẹn ìṣirò tó ń yọ apá kan kúrò nínú ohùn, fọwọ́ kan ohùn náà láìnídìí.

Wíwo ariwo náà dáadáa

WAV, irú fáìlì tí kì í sábà fún ohùn pọ̀, ni mo fi gbà á. Rékọ́dà inú ọ̀pọ̀ fóònù máa ń fún ohùn pọ̀ kí fáìlì lè kéré, àwọn mìíràn sì ń dín ariwo kù fúnra wọn. Torí ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe ṣe irú ìdínkù bẹ́ẹ̀. Bí ìlù bá dún sí i, ó lè kà á sí ariwo kó sì tẹ̀ ẹ́ rì. Láti Android 7 ni àyè ti wà fún app láti bèèrè ohùn tí fóònù kò fọwọ́ kàn rárá. Ẹ wá app tó ń lo àyè yẹn, ẹ ó gbádùn rẹ̀.

Nínú fáìlì náà, nọ́ńbà 44,100 ló wà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì wà láàárín −32,768 àti 32,767, èyí tí wọ́n ń pè ní 16-bit. Ẹ kọ́kọ́ sọ wọ́n di float, ìyẹn nọ́ńbà onídẹ́símàlì. Iṣẹ́ asẹ́ ni kó máa sọ nọ́ńbà di púpọ̀ kó sì máa rò wọ́n pọ̀, bí èsì bá sì kọjá 32,767 nígbà tó ṣì wà ní 16-bit, ńṣe ló ń yí bìrí di òdì, ẹ ó wá gbọ́ "páà" tí kò sí nínú ìlù.

Kí Bàbá tó bẹ̀rẹ̀, mo ti jẹ́ kí fóònù gba jẹnẹrétọ̀ nìkan fún ìgbà díẹ̀. Apá yẹn wúlò ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Òun ni mo fi FFT, ìṣirò tó ń tú ohùn palẹ̀ sí àwọn ìró inú rẹ̀, yẹ̀ wò, láti mọ ibi tí ariwo náà dúró sí ní Hz, ìyẹn iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má fi nọ́ńbà 4,096 ṣe FFT náà o. Bí a bá pín 44,100 sí 4,096, àlàfo ìlà kan sí èkejì yóò jẹ́ nǹkan bí 10.8 Hz, ìlù àti ẹ́ńjìnnì á sì wọnú ara wọn lójú yín. Nọ́ńbà 65,536, tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀, ń fún wa ní àlàfo bíi 0.67 Hz. Ìgbà yẹn ni ojú á tó là.

Nígbà tí mo ya èsì FFT náà ní àwòrán, gegele mẹ́ta ló ga jù lọ nínú rẹ̀: ọ̀kan ní 50 Hz, ọ̀kan ní 100, ọ̀kan ní 150, lẹ́yìn náà àwọn kéékèèké tó ń tẹ̀ lé wọn. Ó bá ìṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì náà mu. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour", two-stroke ni, òun la ṣe ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó lè jẹ́ 50 Hz, ó sì ń gbiná nínú ní gbogbo ìgbà tó bá yí, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ká ní four-stroke ni, ẹ̀ẹ̀kan ni ì bá máa gbiná nínú ìyípo méjì, gegele àkọ́kọ́ ì bá sì wà ní 25. Tí ẹ bá mọ èyí, ẹ ó mọ irú jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn fẹ́ńsì láìyọjú wò ó, ẹ ó sì mọ ibi tí ẹ ó máa wá ariwo rẹ̀ sí.

Ohun kan tún wà. Àwọn gegele wọ̀nyẹn kì í dúró sójú kan. Nígbà tí fírísà bá gba iná, ẹ́ńjìnnì á rẹlẹ̀ díẹ̀, gbogbo wọn á sún sísàlẹ̀, wọ́n á tún padà. Bí èyí tó wà ní 50 bá sún díẹ̀, èyí tó wà ní 150 á sún ní ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí ohùn ìsàlẹ̀ ìlù Bàbá wà nítòsí 140. Dò ìlù àti ariwo ẹ́ńjìnnì ń gbé ojúlé kan náà.

Gígé ìsàlẹ̀

Asẹ́ tó rọrùn jù lọ tó ń gé ìsàlẹ̀ kò ju ìlà kan lọ:

`y[n] = a * (y[n-1] + x[n] - x[n-1])`

x ni ohun tó ń wọlé, y ni ohun tó ń jáde, n ni nọ́ńbà tí a wà lórí rẹ̀, n-1 ni èyí tó ṣáájú rẹ̀, a jẹ́ nọ́ńbà tó kéré díẹ̀ sí 1. Ohunkóhun tó bá ń yí padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíi ti ìsàlẹ̀, yóò já sí òfo nínú ìyọkúrò x[n] àti x[n-1]. Mo fẹ́ràn láti fi í kọ́ni, torí ojú lásán lè rí ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Lábẹ́ ààlà rẹ̀, ìyẹn Hz tí asẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé, bí Hz bá dín sí ìdajì, agbára ohùn (bí ìgbì rẹ̀ ṣe ga tó) á dín sí ìdajì péré; kí ó tó lè pa 50 lẹ́nu mọ́, ó ti bu dò ìlù jẹ.

Mo bá lo asẹ́ tí wọ́n ń pè ní Butterworth. Stephen Butterworth, onímọ̀ físíìsì ará Britain, ló gbé e jáde ní 1930, láyé ìgbà tí wáyà wíwé àti kapásítọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe asẹ́. Ohun tó wá ni pé kí gbogbo ohun tó bá kọjá asẹ́ tẹ́jú, kó má sí èyí tí asẹ́ gbé ga tàbí tó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà. Fún ìlù tó ń sọ̀rọ̀, ohun tí mo nílò gẹ́lẹ́ nìyẹn.

```
from scipy.signal import butter, sosfilt
ase = butter(4, 90, btype='highpass', fs=44100, output='sos')
mimo = sosfilt(ase, ohun)
```

Nínú kóòdù yìí, 4 ń sọ bí asẹ́ ṣe le tó, 90 sì ni ààlà rẹ̀ ní Hz. Ẹ má gbàgbé `output='sos'`. Ó ń pín asẹ́ sí ègé kéékèèké méjì-méjì. Tí ẹ bá lo irú tí wọ́n ń pè ní b àti a, ìyẹn àwọn nọ́ńbà asẹ́ lódidi láìpín wọn, ààlà tó rẹlẹ̀ tó 90 nínú 44,100 lè mú kí ìṣirò ṣìnà bí asẹ́ ṣe ń le sí i.

Pẹ̀lú ààlà 90, agbára ariwo tó wà ní 50 kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́. Èyí tó wà ní 100 ṣì ku nǹkan bí 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti 150 kò tilẹ̀ mọ̀ pé asẹ́ kọjá.

Níbo ni 90 ti wá? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ohùn á sọ fún yín pé kí ẹ gé e ní 80, ní 100, àwọn mìíràn 200, bíi pé nọ́ńbà kan wà tó bá gbogbo ohùn mu. N kò gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú èdè wa. Ìsàlẹ̀ ìlù ni ìdajì ọ̀rọ̀ wà. Ẹnì kan lè ní tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ju 300 sí 3,400 Hz lọ, síbẹ̀ a ń gbọ́ ara wa yékéyéké, ọkọ́ kì í di ọkọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn ní àwọn ohùn tó tò tẹ̀ lé e lókè: bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ 120, 240 á wà níbẹ̀, 360 á wà, 480 á wà. Etí ń fi àlàfo àárín wọn mọ ìpìlẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti gé ìpìlẹ̀ náà sọnù. Ohùn awọ tí a fi kọ̀ǹgọ́ lù kì í tò lọ́nà tó mọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gé ìpìlẹ̀ rẹ̀, ohun tí etí lè dì mú kò pọ̀ mọ́.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ni ìlù fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Mo ṣe gbólóhùn kan, "Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí": dò mí, re re, mí dò mí. Mo sẹ́ ọ̀kan ní 200, mo sẹ́ èkejì ní 90. Mo yá sípíkà ńlá lọ́wọ́ àbúrò mi tó ń lu orin lóde àríyá ní Kútọ̀, torí sípíkà fóònù kò lè gbé ìsàlẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fi í ṣèdájọ́ asẹ́, méjèèjì á dún bákan náà létí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìlù yìí ń wí?"

Ti 200 ni mo kọ́kọ́ jẹ́ kó dún. Wọ́n tẹ́tí, wọ́n ní kí n tún un ṣe.

"Ọmọ mi, imú ni ìlù yìí fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbá tó pè yẹn, kò délẹ̀."

Mo yí i sí 90.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí délẹ̀. Ó ń ki àwọn Ẹ̀gbá. Àmọ́ ta ló ń lọ ata lábẹ́ ẹ̀?"

Ẹni tó ń lọ ata ni 100 àti 150.

Asẹ́ tó ń gé ojú kan

SciPy, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò Python tí mo ti lò lókè, ní `iirnotch`, tó ń yọ Hz kan ṣoṣo kúrò tó sì fi ìyókù sílẹ̀. Nọ́ńbà kan, Q, ló ń sọ bí ihò náà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó: ìbú ihò ni Hz tí a pín sí Q. Q 30 ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 100, ìbú rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí 3.3 Hz. Ní ilé-iṣẹ́ tí iná dúró ṣinṣin, ó dáa. Lẹ́yìn fẹ́ńsì oníẹja, ẹ́ńjìnnì á jáde kúrò nínú ihò náà nígbà tí fírísà bá ti gba iná.

Àléébù kejì kì í tètè hàn. Ihò tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń dún pẹ́. Bí ohun kan bá kàn án lójijì, bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń kan awọ, asẹ́ fúnra rẹ̀ á máa dún lọ lẹ́yìn rẹ̀, bí ó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Ti 3.3 Hz yìí, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kí ìdún náà tó dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. Nínú ìlù tó ń sáré sọ̀rọ̀, sílébù tó kàn ti dé kí ti àkọ́kọ́ tó panu mọ́.

Nítorí náà, ní 100, mo sọ Q di 5. Ìbú ihò di 20 Hz, ẹ́ńjìnnì kò rí ibi sá sí, ìdún rẹ̀ sì kúrú. Dò ìlù tó wà nítòsí 140 kò pàdánù ju nǹkan bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní 150, irú ihò kan náà, pẹ̀lú Q 5, á sọ ohun tó wà ní 140 di 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò ṣeé ṣe. Q 30 níbẹ̀ sì ń dún, ó sì ń tàsé. Mo fi 150 sílẹ̀ pátápátá láìfi asẹ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n dá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ń kọ kóòdù sábà máa ń fojú fò. SciPy tún ní `sosfiltfilt`, tó ń gba ohùn kọjá asẹ́ lọ sí iwájú, tó tún gbà á padà sẹ́yìn, kí ohunkóhun má bàa pẹ́ ju òmíràn lọ. Ó gbajúmọ̀, ó sì dára fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ohùn ṣe ń padà sẹ́yìn yẹn, ìdún asẹ́ ń bọ́ sí iwájú ìlù. Mo ya àwòrán ègé kan kí ó tó kọjá àti lẹ́yìn tó kọjá, mo sì fẹ̀ ẹ́ títí mo fi ń rí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Nínú ti àkọ́kọ́, ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń lọ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà kọ̀ǹgọ́ kan awọ, ìlà náà ta sókè ṣánṣán. Nínú èyí tó gba `sosfiltfilt`, ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tí ó ń ga sí i díẹ̀díẹ̀, kí kọ̀ǹgọ́ tó débẹ̀. Ní etí, ó ń dún bíi "fù" kékeré ṣáájú "gbìn". Kò sí ìlù láyé tó ń dún kí a tó lù ú. `sosfilt` lásán, tó ń lọ síwájú nìkan, ni mo lò fún gbogbo rẹ̀.

Kí la ṣe sí 150?

Nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kan awọ, ìlù ga ju ẹ́ńjìnnì lọ fíìfíì, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìlù bá ń kú lọ ni ariwo náà ń yọjú. Ariwo náà kò ní láti kúrò nínú ìlù, ẹ̀yìn ìlù nìkan ló yẹ kó ti kúrò. Mo kọ kóòdù kékeré kan tó ń wọn agbára ègé náà díẹ̀díẹ̀, tó ń fi wé agbára jẹnẹrétọ̀ nìkan tí mo ti gbà tẹ́lẹ̀, ibi tí méjèèjì bá sì ti fẹ́ dọ́gba, ibẹ̀ ni ohùn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wọlẹ̀ títí á fi di òdo. Ṣáájú ìlù náà, mo gé gbogbo rẹ̀ dànù, mo kàn fi ìwọ̀n bíńtín sílẹ̀ kí ìbẹ̀rẹ̀ má bàa ta pàá. Bí ètò náà bá ń to àwọn ègé tẹ̀ léra, sílébù tó ń bọ̀ ń bo ìrù èyí tó ń lọ.

Mo dán ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ àwòrán ariwo kúrò nínú àwòrán ohùn wò pẹ̀lú. Ó ń fi ìró kan sílẹ̀ tó ń dún bí omi tó ń ta tótó, ó sì burú ju jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ lọ létí mi. Mo yọ ọ́ kúrò.

N kò gé òkè rárá. Àwọn kan á ní kí a gé ohun tó ju 5,000 lọ kí ìró "ṣíì" inú fóònù lè lọ. Ọ̀pọ̀ ohùn ṣaworo wà níbẹ̀. Ìyáàlù tí ṣaworo rẹ̀ kò dún, ẹni tó mọ ìlù á bi yín pé ìlù wo nìyí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo gbé agbára àwọn ègé náà sókè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí a bá gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan ga sí ibì kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyàtọ̀ tí ọwọ́ Bàbá fi sáàárín dò àti mí á parẹ́.

Asẹ́ inú ètò náà fúnra rẹ̀

Ètò náà ní asẹ́ mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ bí ìlù bá ń dún lọ́wọ́. Òun ló ń gé òkè díẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń lò ó bá fẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ lára awọ. Kọ̀ǹpútà kì í rán ohùn lódidi, ó ń rán an ní búlọ́ọ̀kù, tèmi jẹ́ nọ́ńbà 512. Asẹ́ gbọ́dọ̀ rántí ibi tó dé nínú búlọ́ọ̀kù tó kọjá:

```
bulooku, ipo = sosfilt(ase, bulooku, zi=ipo)
```

Bí `ipo` bá ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, ìjápọ̀ á ta níbi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín 44,100 sí 512, ẹ ó rí nǹkan bí 86 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ni pé ẹ ó gbọ́ ìkùn kan nítòsí 86 Hz tó jọ ti ẹ́ńjìnnì pátápátá. Ẹni tó ti ń bá jẹnẹrétọ̀ jà lè máa wá a kiri nínú fáìlì, nígbà tó jẹ́ pé inú kóòdù ló wà. Bákan náà, ègé kọ̀ọ̀kan tó ń dún gbọ́dọ̀ ní `ipo` tirẹ̀. Bí dò àti mí bá ń dún pa pọ̀ tí wọ́n sì ń pín ọ̀kan lò, ìrántí ọ̀kan á máa wọnú èkejì.

Bó ṣe wà báyìí nìyí: Butterworth 4 ní 90, ihò ní 100 pẹ̀lú Q 5, 150 wà bó ṣe wà, ìrù rírọ̀ fún ègé kọ̀ọ̀kan, òkè kò ní asẹ́. Mo kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sínú fáìlì tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ohùn, mo sì tọ́jú ohùn àtilẹ̀bá tí asẹ́ kò kàn sí ibì kan lọ́tọ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ní ọ̀nà tó dára ju tèmi lọ lọ́jọ́ iwájú.

Gúdúgúdú ló kàn. Ohùn rẹ̀ ga ju ti ìyáàlù lọ dáadáa, nítorí náà ààlà 90 á gòkè, 150 náà á sì ṣeé gé láìbẹ̀rù. Ìrù rẹ̀ ló máa nílò àtúnṣe. Bílálà tí wọ́n fi ń lù ú kò ní sinmi, ohùn kan kì í sì í parí tán kí òmíràn tó gorí rẹ̀, torí náà ibi tí kóòdù mi ti ń wọn agbára ègé gbọ́dọ̀ kúrú ju bó ṣe wà lọ.